Ìtókù ní Ọ̀sẹ̀ Ìdìbò Ọdún 1993

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ti kọ̀wé lórí ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù Òkúdù ọdún 1993. Àwọn amòfin ti kọ tiwọn, àwọn ológun ti kọ tiwọn, àwọn olóṣèlú sì ti kọ èyí tí ó wù wọ́n. Ohun tí a kò tíì rí kà nínú gbogbo rẹ̀ ni bí ọ̀sẹ̀ náà ti rí ní agboolé, nídìí ìkòkò aró, nídìí ọpọ́n ayò àti ní ìsọ̀ aránṣọ. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ròyìn ohun tí ojú wa rí ní Ìtókù. Àwọn ọmọ tí a ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ lónìí kò mọ̀ ju pé ọjọ́ ìsinmi ni June 12. Wọn kò mọ̀ pé àwọn òbí àti òbí-àgbà wọn ni ó fi ọwọ́ ara wọn ṣe ọjọ́ náà.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé irú àwọn bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rán wọn létí bí nǹkan ti rí nígbà náà. Láti oṣù Ògún ọdún 1985 ni Ọ̀gágun Ibrahim Babangida ti wà lórí àléfà. Ní ọdún 1989 ìjọba rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèlú méjì péré sílẹ̀, SDP tí àmì rẹ̀ jẹ́ ẹṣin, àti NRC tí àmì rẹ̀ jẹ́ idì. Ẹlẹ́ṣin àti Ẹlẹ́yẹ ni àwọn ènìyàn wa ń pè wọ́n. Olóyè Moshood Káṣìmawò Abíọ́lá ni ó dúró fún Ẹlẹ́ṣin láti di Ààrẹ orílẹ̀-èdè, ọmọ Gbágùrá tí a bí ní ọjọ́ 24 oṣù Ògún ọdún 1937, tí ó sì ti jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ilẹ̀ Yorùbá láti ọdún 1988. Alhaji Bashir Tofa ará Kánò ni ó dúró fún Ẹlẹ́yẹ. Ọmọ wa ni ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó bá sọ pé ojú kan náà ni Abẹ́òkúta fi wo àwọn méjèèjì, irọ́ ni ó pa.

Síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo wa ni ó gun ẹṣin. Ní àdúgbò wa, bàbá kan wà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Télọ̀. Ẹlẹ́yẹ ni bàbá yìí, kò sì fi pamọ́. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ di wàhálà ni oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1991, nígbà tí a dìbò yan gómìnà. Ní ìgbà náà, ìlà ni a ń tò sí ẹ̀yìn àwòrán ẹni tí a bá fẹ́, ní gbangba, lójú gbogbo ayé. Ìlànà yẹn dára fún kíkà, ṣùgbọ́n kò dára fún ìbágbé. Ayálégbé rí onílé rẹ̀ ní ìlà kejì. Ajigbèsè rí ẹni tí ó yá a lówó. Ìyàwó rí ibi tí ọkọ rẹ̀ dúró sí, ọkọ sì rí ti ìyàwó. Bàbá Télọ̀ dúró sí ìlà Ẹlẹ́yẹ, àwọn tí ó bá a dúró níbẹ̀ kò sì pọ̀. Olóyè Olúṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà ti Ẹlẹ́ṣin ni ó wọlé ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ti gbé aṣọ lọ fún Bàbá Télọ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ náà sì lé ní ọdún kan. Àwa pàápàá, tí ó jẹ́ pé òun ni ó rán aṣọ ilé ẹ̀kọ́ tí a kọ́kọ́ wọ̀ láyé, ẹ̀yìnkùlé ni a ń gbà kọjá kí a má baà kí i. A kò lè fi èyí pamọ́, nítorí ìtàn ni a ń kọ.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ ìdìbò bọ́ sí ọjọ́ 7 oṣù Òkúdù. Iléyá kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí a ṣe é, ẹran gbígbẹ ṣì wà nínú ọbẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé, àti ilé ìgbàgbọ́ àti ilé ìmàle. Àgbàdo tuntun ti dé, òjò sì ń rọ̀ lálẹ́. Ọmọ ọdún 18 ni wá, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá ni, ìbò àkọ́kọ́ tí a óò dì sì ni èyí. Iṣẹ́ tí a rí ṣe ní ọ̀sẹ̀ náà ni ìwé kíkà. Bí a bá ti rí ìwé ìròyìn yá lọ́wọ́ oníwèé-ìròyìn ẹ̀bá ọ̀nà, ìbáà ṣe Concord, ìbáà ṣe Tribune, ìbáà ṣe Ìròyìn Yorùbá, àwọn ìyá aláàdìrẹ á ní kí a wá kà á sí àwọn létí. Wọn kì í dá iṣẹ́ dúró. Ẹni tí ó ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya lẹ́kọ sára aṣọ ń yà á lọ, ẹni tí ó ń rẹ aṣọ sínú aró ń rẹ̀ ẹ́, etí wọn nìkan ni ó wà lọ́dọ̀ wa. "Ọmọ mi, tún ibẹ̀ yẹn kà kí n gbọ́," ni wọn á wí. Nígbà tí a bá sì kà á tán, ọ̀kan nínú wọn, tí ó dàgbà jù, á béèrè ìbéèrè kan náà lójoojúmọ́: "Ṣé wọn ò ní yí i padà ṣá?" Kò sí ẹni tí ó mọ èsì.

Ohun tí ó mú kí ìyá yìí máa béèrè bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Àwọn àgbà àdúgbò kò gbàgbé ọdún 1965, nígbà tí wọ́n yí ìbò ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, tí "wẹ́tìẹ̀" sì bẹ́ sílẹ̀, tí aládùúgbò ń bu epo sí ilé aládùúgbò. Wọn kò gbàgbé ọdún 1983 pẹ̀lú, nígbà tí iná jó ní Oǹdó. Nítorí náà, bí àwa ọ̀dọ́ bá ń jó kiri nítorí Abíọ́lá, àwọn bàbá tí ó wà nídìí ayò á máa wò wá bí ẹni tí ń wo ọmọdé tí ó ń fi àdá ṣeré.

Ní ìwọ̀nba ọjọ́ ṣáájú ìdìbò ni wọ́n gbé àwọn olùdíje méjèèjì jókòó sí orí tẹlifíṣàn láti dáhùn ìbéèrè níwájú gbogbo orílẹ̀-èdè. Ilé bàbá kan tí ó fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ rélùwéè ni a ti wò ó. Iná ìjọba lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, a sì dá owó bẹntiróòlù jọ fún ẹ̀rọ amúnáwá. Ní ìgbà náà, 70 kọ́bọ̀ ni jálá kan ń lọ ní iye tí ìjọba fi lélẹ̀, ẹ̀yin òǹkàwé lè fi ti òde òní wé e. Pálọ̀ náà kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọdé gun ara wọn lórí. Nígbà tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀ ni a rí i pé Bàbá Télọ̀ dúró lẹ́yìn fèrèsé nínú ọ̀rinrin òjò, ó ń na ọrùn wò. Gbogbo ilé dákẹ́. Onílé kò tilẹ̀ yí orí padà kúrò lára tẹlifíṣàn, ó kàn ní, "Bàbá Télọ̀, ẹ wọlé kí ẹ jókòó. Ilé mi kì í ṣe ìlà ìdìbò." Ẹ̀rín bú pì. A sún fún un lórí ẹní. Nígbà tí Abíọ́lá ń fi òwe sọ̀rọ̀ bí ìṣe rẹ̀, Bàbá Télọ̀ rẹ́rìn-ín bí gbogbo wa; nígbà tí ó kan Tofa, òun nìkan ni ó pàtẹ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò sì bá a wí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá wa rán wa lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ láti gé. A lọ tìtìjú-tìtìjú. Ó gba aṣọ náà, ó wọ̀n wá, kò sì sọ nǹkan kan.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 10, ni ìròyìn burúkú dé. Ilé ẹjọ́ gíga kan ní Àbújá, lábẹ́ Adájọ́ Bassey Ikpeme, ti pàṣẹ pé kí ìdìbò má wáyé mọ́, nítorí ẹ̀bẹ̀ ẹgbẹ́ kan tí ó ń pe ara rẹ̀ ní Association for Better Nigeria. Ọjọ́ Ẹtì ni a tó gbọ́ ọ dáadáa, kò sì sí ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ gidi ní ọjọ́ náà. Ọwọ́ gbogbo ènìyàn wà lára rédíò. Ẹni tí bátìrì rẹ̀ ti kú ń sá tọ ẹni tí tirẹ̀ ṣì lágbára. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni a gbọ́ pé alága àjọ elétò ìdìbò, Ọ̀jọ̀gbọ́n Humphrey Nwosu, ti ní ìdìbò kò ní yẹ̀. Ìyá àgbà tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáájú wẹ ọwọ́ aró rẹ̀, ó ní òun ń lọ tètè sùn.

Ọ̀la rẹ̀ mọ́ láìsí ariwo ọkọ̀, nítorí wọ́n ti pàṣẹ kí ọkọ̀ má rìn. Àwọn ọmọdé gba ojú títì, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn arúgbó tí a kò rí lóde láti ọjọ́ pípẹ́ fi ọ̀pá tẹlẹ̀ wá. Ní òwúrọ̀ wọ́n yẹ káàdì wa wò. Lẹ́yìn náà a tò, a gba ìwé, a wọ ibi ìkọ̀kọ̀ tẹ ìka sára ẹṣin tàbí ẹyẹ, a sì jáde wá jù ú sínú àpótí lójú gbogbo ènìyàn. Ìlànà yìí ni ó tú wa sílẹ̀ lọ́wọ́ ti ọdún 1991: gbogbo ènìyàn rí i pé o dìbò, kò sí ẹni tí ó rí ẹni tí o dì í fún. Bàbá Télọ̀ ni aṣojú Ẹlẹ́yẹ ní ibùdó wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń tún ọkọ̀ ṣe ni aṣojú Ẹlẹ́ṣin. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, tí ebi dé, kò sí èyí tí ó fẹ́ fi àpótí sílẹ̀ fún èkejì. Ìyàwó Bàbá Télọ̀ bá gbé làfún àti ewédú wá, àwọn méjèèjì sì jọ jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan ṣoṣo, ojú wọn kò kúrò lára àpótí. Kì í ṣe ìfẹ́ ni ó kó wọn jọ sídìí abọ́, àìfọkàntán ni.

Kíkà ni ó dùn jù. Olùkọ́ ni ọ̀gá ibùdó, ó ń gbé ìwé kọ̀ọ̀kan sókè, gbogbo wa sì ń kà á tẹ̀lé e bí ọmọ ilé ìwé: "Oókan! Eéjì! Ẹẹ́ta!" A dé orí ìwé kan tí ìka tí wọ́n tẹ̀ sí i bọ́ sí àárín ẹṣin àti ẹyẹ. Aṣojú Ẹlẹ́ṣin ní tàwọn ni. Bàbá Télọ̀ ní rárá, kò sí ojú tí ó lè rí i bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ọ̀rọ̀ fẹ́ di ariwo. Ìyá aláàdìrẹ ni ó sọ láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ẹ ti ní púpọ̀, kí lẹ fẹ́ fi ọ̀kan ṣe?" Wọ́n yọ ìwé náà sọ́tọ̀. Nígbà tí a kà á tán, Ẹlẹ́ṣin ni ó borí, ó sì borí jìnnà. Àwọn aṣojú méjèèjì fọwọ́ sí èsì, wọ́n lẹ ọ̀kan mọ́ ògiri, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sì mú ẹ̀dà tirẹ̀ lọ ilé.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ti di ìtàn tí gbogbo ayé mọ̀, a kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ìbò Abíọ́lá jẹ́ 8,341,309, ti Tofa sì jẹ́ 5,952,087. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ju mẹ́jọ lọ nínú ìbò mẹ́wàá ni Ẹlẹ́ṣin kó. Ó borí ní Kánò pàápàá, ìpínlẹ̀ Tofa. Ní ọjọ́ 16 wọ́n dá ìkéde èsì dúró, ní ọjọ́ 23 ìjọba ológun fagi lé gbogbo rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ 23 náà, a tún pé jọ sí pálọ̀ bàbá rélùwéè. Kò sí ẹni tí ó pè wá. Bàbá Télọ̀ dé, kò dúró lẹ́yìn fèrèsé lọ́tẹ̀ yìí. Ẹnì kan sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i pé inú rẹ̀ á dùn nísinsìnyí. Ó yọ ìwé èsì náà láti inú àpò dàńsíkí rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó ní, "Ẹ wò ó. Orúkọ mi ni yìí. Èmi ni mo jókòó tì í láti àárọ̀, èmi ni mo fọwọ́ sí i pé ẹ ná mi. Bí wọ́n bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, èmi ni wọ́n pè ní òpùrọ́." Ó sì bú sẹ́kún, àgbàlagbà ọkùnrin, lójú àwọn ọmọdé.

Ní oṣù Ògún ọdún náà Babangida kúrò lórí àléfà, ọmọ Ẹ̀gbá mìíràn, Olóyè Ernest Shónẹ́kàn, sì bọ́ sí ipò, títí di ọjọ́ 17 oṣù Bélú tí Ọ̀gágun Sani Abacha gba ìjọba. Ọ̀rọ̀ tí ó lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa ni èyí, ẹ jẹ́ kí a fò ó. Abíọ́lá kéde ara rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Òkúdù ọdún 1994, wọ́n sì tì í mọ́lé. Wọ́n pa aya rẹ̀ Kúdíràtù ní ọdún 1996, òun náà kú sí àtìmọ́lé ní ọjọ́ 7 oṣù Agẹmọ ọdún 1998. Ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ tó fi oyè GCFR dá a lọ́lá. Nínú oṣù Èrèlé ọdún 2025, Babangida fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ pé Abíọ́lá ni ó wọlé.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ìwé yẹn jáde, a lọ sí ilé ọmọbìnrin Bàbá Télọ̀. Bàbá náà ti sùn láti ọdún pípẹ́. Ọmọ rẹ̀ ṣí àpótí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó mú ìwé èsì jáde láàárín ìwé tí bàbá rẹ̀ fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà. Yíǹkì ti ṣá, ikán ti jẹ igun kan, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn aṣojú méjèèjì ṣì hàn ketekete. Ó ní òun kò lè fún wa gbé lọ, bí a bá fẹ́, kí a jókòó kọ ọ́. A jókòó, a kọ ọ́. Bí òǹkàwé kan bá wà, nílé tàbí lẹ́yìn odi, tí ó mọ̀ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà nínú ẹrù bàbá tàbí ìyá òun, láti ibùdókíbùdó ní Abẹ́òkúta, kí ó jọ̀wọ́ fi tó akọ̀wé ẹgbẹ́ wa létí. Kò pọn dandan kí ó fi ìwé náà sílẹ̀. Àwa yóò wá kọ ọ́.