Ta Ni Yóò San Owó Oṣù Tíṣà?

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Àkókó, kí ó kọ́kọ́ ka orúkọ tí wọ́n kọ sára pátákó wọn. Ti ìjọ Áńgílíkà a máa jẹ́ orúkọ ẹni mímọ́ kan. R.C.M. ni ti ìjọ Àgùdà. Ansar-Ud-Deen ni ti àwọn Mùsùlùmí, L.A. sì ni ti káńsù. Ó ti ju ogójì ọdún lọ tí ìjọba ti gba àwọn ilé-ìwé ìjọ, síbẹ̀ púpọ̀ nínú orúkọ wọ̀nyẹn kò tíì parẹ́. Orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ náwó ni. Láti ìgbà náà, àpò owó ti ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn lẹ́ẹ̀mélòó kan, bí ó bá sì ti ń bọ́ ni ìyà rẹ̀ ń sọ̀ sí ara tíṣà tàbí sí ẹsẹ̀ ọmọ ilé-ìwé.

Ọ̀kà kì í ṣe ìlú tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Òkè àti àpáta ló yí i ká, àdúgbò rẹ̀ sì fọ́n káàkiri, òmíràn lórí òkè, òmíràn lẹ́sẹ̀ òkè. Ìwárò fẹ́ ilé-ìwé tirẹ̀, Ìbàkà fẹ́ tirẹ̀, Ayégúnlẹ̀ náà fẹ́ tirẹ̀. Àwọn kan á ní ìlara ni. Èmi rò pé ìrìn ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò lè máa gun òkè láràárọ̀, kí ó tún sọ̀ kalẹ̀, kí ó wá ní agbára láti ka A, B, D.

Ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Stephen Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ló gbé àbá rẹ̀ wá síwájú ilé aṣòfin ní 1952. Ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀wọ̀, ará ilé wa níbí, ni ẹni tí ó kọ ìwé àbá ẹ̀kọ́ fún ẹgbẹ́ Action Group: Michael Adékúnlé Ajásin, ọ̀gá ilé-ìwé Imade College. Orúkọ rẹ̀ ni yunifásítì Àkùngbá ń jẹ́ lónìí, nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà tí Ọ̀kà wà.

Owó ni wàhálà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹ̀kọ́ tó lè di ọ̀fẹ́, ìjọba ní láti bu kún owó orí, inú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì dùn sí i. Nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1954, NCNC ló borí ní Ìwọ̀-Oòrùn, kì í ṣe Action Group tí ń ṣèjọba níbẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé ìlù àti ijó ni gbogbo Yorùbá fi pàdé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, kò ka ìtàn náà tán. Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, àwọn ọmọ rọ́ wọlé. Iye wọn fò láti bíi 457,000 ní 1954 sí 811,432 ní 1955. Tíṣà kò tó, wọ́n gba àwọn tí kò tíì kọ́ṣẹ́. Yàrá kò tó. Bàbá mi àgbà, tí ó wà lára àwọn ọmọ ìgbà náà, máa ń sọ pé imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi bo kíláàsì àwọn. Bí òjò bá ti ṣú, tíṣà á ní kí wọ́n sáré lọ sílé. Ó máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Ilé wọn kò jìnnà.

Ní àárín àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Ní 1976 wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo Nàìjíríà lọ́dún kan náà. Owó epo rọ̀bì wà nígbà yẹn. Nígbà tí iye epo já wálẹ̀, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tí ẹrù tọ́ sí.

Ní 1988 ìjọba ológun dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa bójú tó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1991 wọ́n tú u ká, wọ́n sì kó ilé-ìwé àti owó oṣù tíṣà lé ìjọba ìbílẹ̀ lórí. Káńsù tí kò rí owó tún ọ̀nà oko ṣe ni wọ́n ní kí ó máa bọ́ gbogbo tíṣà. Oṣù ń gorí oṣù, ọ̀pọ̀ tíṣà kò rí kọ́bọ̀. Ẹni tí ó ní oko wọ oko lọ, ẹni tí ó mọ ọjà ná gba ọjà lọ. Ní 1993 wọ́n dá àjọ náà padà, ṣùgbọ́n àtúnṣe yìí mú àrùn tirẹ̀ wá. Kí owó káńsù tó dé ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ti tíṣà kúrò, nígbà mìíràn kì í ṣẹ́ ku nǹkan kan. Zero allocation ni wọ́n sọ ọ́. Tíṣà rí owó gbà, káńsù kò rí owó fi tún òrùlé kíláàsì ṣe.

Nígbà tí Olúṣẹ́gun Mímíkò di gómìnà Oǹdó ní 2009, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ilé-ìwé ńlá tí wọ́n ń pè ní Caring Heart Mega School, kí wọ́n lè kó àwọn kékeré tí ó wà nítòsí ara wọn pọ̀ sí ibì kan. Mi ò ní sọ pé èrò burúkú ni. Ilé-ìwé tí tíṣà mẹ́ta ń kọ́ kíláàsì mẹ́fà, ta ni ó fẹ́ kí ọmọ òun wà níbẹ̀? Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ sì wà fún àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì kì í gun ọ̀nà àpáta, kì í sì í wọ abà. Ọmọ àbúrò ìyá mi kan wà tí wọ́n pa ilé-ìwé ẹ̀yìnkùlé wọn pọ̀ mọ́ òmíràn. Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bá rí owó ọ̀kadà nìkan ló ń lọ. Nígbà tí ó pé ọdún mẹ́tàlá, kò lọ mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí Àkókó. Ní Wales, tí ó jẹ́ apá kan Ìlú Ọba, àwọn káńsù tí owó wọn kò tó náà ń ti ilé-ìwé abúlé. Ṣùgbọ́n ní 2018 ìjọba wọn to orúkọ àwọn ilé-ìwé abúlé jọ, wọ́n sì là á kalẹ̀ pé káńsù tí ó bá fẹ́ ti ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ọ̀nà mìíràn, kí ó sì wo bí àwọn ọmọ yóò ṣe máa rìn àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí àdúgbò náà. Wọ́n ṣì ń ti òmíràn, àmọ́ ẹni tí ó fẹ́ tì í ni ó ń rojọ́.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ káńsù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, NUT, ní tiwọn, béèrè pé owó oṣù tíṣà ńkọ́. Àwọn tí ó ti di arúgbó nínú wọn kò gbàgbé ọdún 1991.