Ọ̀mùtí àti Ẹ̀fọn

Bí mo bá ní kí á da omi tó dúró nínú gọ́tà wa ní Okokomaiko nù, èsì àwọn aládùúgbò kì í yàtọ̀: àbàtà Ọ̀jọ́ tàbí ti Ìbà ni ẹ̀fọn ti ń wá, kí ni gọ́tà tiwa já mọ́?

Ìbéèrè àtijọ́ ni. Nígbà tí MacGregor jẹ́ gómìnà Èkó, láti 1899 sí 1904, ó fa àbàtà gbẹ nítorí ibà. Ronald Ross, tó fi hàn pé ẹ̀fọn ní ń gbé ibà kiri, fẹ́ mọ bí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò ti fẹ̀ tó. Ó kó ọ̀ràn náà tọ Karl Pearson, onímọ̀ ìṣirò, lọ. Ní 1905 Pearson béèrè nínú ìwé ìròyìn Nature pé: ọkùnrin kan rìn díẹ̀, ó yí síbi tó bá ṣáà bá a, ó tún rìn, báwo ni yóò ti jìnnà tó? Rayleigh fún un lésì. Ẹni tó bá gbé 100 ìṣísẹ̀ báyìí, nǹkan bí 10 péré ni yóò fi jìnnà. Pearson ní ìtòsí ibi tí ọ̀mùtí ti gbéra ni kí á ti wá a.

Lóòótọ́, afẹ́fẹ́ a máa gbé ẹ̀fọn, òórùn èèyàn a sì máa fà á. Ọtí kò pa á tán. Síbẹ̀, bí ọ̀kan bá kùn sí mi létí lóru, gọ́tà ẹ̀yìn ilé wa ni mo ń fura sí, kì í ṣe Ìbà.