Ẹ̀kọ́ Òwò fún Ọmọ Iléèwé ní Calgary
Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọgbọ́n yìí ló mú kí Horace Moses, oníléeṣẹ́ bébà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Junior Achievement, àjọ tó ń kọ́ ọmọ lówò, sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1919, èyí tó wọ Kánádà lọ́dún 1955, tó sì fìdí múlẹ̀ ní Calgary, ìlú tí ilé gogoro àwọn oníṣòwò epo kún àárín rẹ̀ fọ́fọ́, níbi tí àwọn ọmọ iléèwé ti ń dá iléeṣẹ́ kékeré sílẹ̀, tí wọ́n ń ta ìpín ìdókòwò, tí wọ́n ń ṣe ọjà tà, tí wọ́n sì ń pín èrè fáwọn tó dáwó kí wọ́n tó tú iléeṣẹ́ náà ká. Àwọn ìyá wa pẹ̀lú ti fi àtẹ kọ́ ọmọ lówò tipẹ́tipẹ́. Ẹ̀yin òbí Yorùbá ní Calgary, ẹ fi ẹ̀kọ́ ilé kún ti iléèwé.