Ẹ̀gẹ́ Tó Ń Ṣàìsàn Lẹ́yìnkùlé: Kí Ni Ewé Rẹ̀ Ń Sọ?

Àjàrà ni Ìwé Mímọ́ sábà máa ń fi ṣe àkàwé, ṣùgbọ́n ní Ìkirun, Ìnísà àti Òkukù, ẹ̀gẹ́ ni ọ̀pọ̀ ìdílé gbìn sí ẹ̀yìnkùlé. Bí ewé rẹ̀ bá ti yí padà, oògùn apakòkòrò ni àwọn ará kan máa ń sáré rà. Owó ṣòfò ni èyí lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí kò sí oògùn tí ń wo àrùn ẹ̀gẹ́ tó gbilẹ̀ jù lọ ní Áfíríkà.

Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa àrùn yìí. Ewé á ṣe kàlákìnní, pupa rúsúrúsú àti àwọ̀ ewé lójú kan náà. Á lọ́, á sì kéré. Igi tí a gbìn lè ti ní in tẹ́lẹ̀, tàbí kí kòkòrò funfun kékeré tí ń gbé abẹ́ ewé gbé e wá. Ẹ wo ìsàlẹ̀ igi nígbà tó ṣì kéré. Bí àwọn ewé àkọ́kọ́ bá ti lọ́, igi tí ẹ gbìn ló ní àrùn. Bí wọ́n bá mọ́, tó jẹ́ pé ewé òkè nìkan ló bàjẹ́, kòkòrò ló gbé e dé. Àwa ará ìjọ fẹ́ràn láti máa fi igi ẹ̀gẹ́ ta ara wa lọ́rẹ (ìwà rere ni), àrùn sì ń bá ẹ̀bùn náà rìn. Ẹ fa èyí tó ní in tu ní kékeré. Èyí tó bá ti ta ṣeé jẹ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gé igi rẹ̀ gbìn.

Bí ó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí orí igi kó jọ, tí nǹkan funfun bí òwú sì bò ó, kòkòrò mìíràn nìyẹn. Ní 1981, àjọ IITA ní Ìbàdàn tú agbọ́n tín-ín-rín kan tí wọ́n rí ní Paraguay sílẹ̀ láti máa pa á. Hans Herren tó darí iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995. Ẹni tó bá fín oògùn á pa agbọ́n yìí pẹ̀lú.

Bí ewé ìsàlẹ̀ bá kàn pọ́n lọ́gbọọgba láìlọ́, ebi ló ń pa ilẹ̀; ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà á ràn án lọ́wọ́.

Kí ewé tó wọ́ dànù ni kí ẹ ti so okùn mọ́ àwọn igi tó mọ́, tí ẹ ó gé gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ lè béèrè fún irú TME 419, tí àrùn kàlákìnní kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn.