Ọmọlójú Kámẹ́rà

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí kámẹ́rà rẹ̀ sí M, tó fẹ́ máa fọwọ́ ara rẹ̀ díwọ̀n ìmọ́lẹ̀, ohun kan wà tó sábà máa ń dà á láàmú: nọ́ńbà tó tóbi ló ń mú ihò kámẹ́rà kéré. Ó yí i dé 16, fọ́tò ṣókùnkùn. Ó dá a padà sí 2, ìmọ́lẹ̀ ya wọlé. Wọ́n á ní kó kàn há a sórí. Èmi ò gbà pé ọ̀rọ̀ àhásórí ni, torí pé ìdá ni nọ́ńbà náà. Bí ojú kámẹ́rà bá jẹ́ ti mìlímítà 50, ohun tí 2 ń wí ni pé fífẹ̀ ihò náà jẹ́ ìdajì 50, ìyẹn mìlímítà 25. 16 jẹ́ ìdámẹ́rìndínlógún rẹ̀, bíi mìlímítà 3 péré. Ẹni tó ń san ìdámẹ́wàá mọ̀ dájú pé ìdámárùn-ún jù ú lọ. Èdè wa ti tú kókó yìí tipẹ́; orúkọ ló kù, orúkọ tí yóò máa sọ iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe.

Ọmọlójú ni mo máa pe ihò náà. Nínú òkùnkùn, ọmọlójú èèyàn á fẹ̀. Nínú oòrùn, á súnkì. Ohun tí ihò kámẹ́rà ń ṣe nìyẹn gẹ́lẹ́. Ìlẹ̀kùn inú kámẹ́rà tó ń ṣí tó ń padé kíákíá, ìpéǹpéjú ni. Ẹ má sì gbàgbé pé inú ṣíṣẹ́ ojú ni a ti fa ìṣẹ́jú yọ, àti ìṣẹ́jú àáyá tó kéré jù ú lọ: ìpéǹpéjú ni Yorùbá ti fi ń wọn àkókò kí kámẹ́rà tó dé. Ẹ wo ajá tó ń sáré ká àgbàlá. Bí ìpéǹpéjú bá ṣí fún ìdá kan nínú 30 ìṣẹ́jú àáyá, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dà bí èéfín. Bó bá jẹ́ ìdá kan nínú 1000, ẹ ó rí iyẹ̀pẹ̀ tó ta sókè lẹ́yìn èékánná rẹ̀ ní hóró hóró.

Àtakò tó lágbára jù ni pé Gẹ̀ẹ́sì ló wà lára kámẹ́rà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ló wà níbẹ̀ gan-an? Canon kọ Av fún ọmọlójú àti Tv fún ìpéǹpéjú. Nikon kọ A àti S fún iṣẹ́ kan náà. Àmì lásán ni. Ẹni tó há lẹ́tà sórí ni yóò ṣìnà láàárín àwọn méjèèjì, kì í ṣe ẹni tó mọ ọmọlójú yàtọ̀ sí ìpéǹpéjú. Àwọn míì á ní ọmọlójú ti di orúkọ ẹni tí a fẹ́ràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹyinjú, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti tọ́jú ẹyinjú tó ń dùn ún.

Mi ò ní kí a tú gbogbo rẹ̀. Nọ́ńbà tó ń sọ bí kámẹ́rà ṣe ń tètè mọ ìmọ́lẹ̀ lára ni wọ́n ń pè ní ISO, orúkọ àjọ àgbáyé tó ń gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ò tú u, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ṣebí fáwẹ̀lì àti ọ̀rọ̀-ìṣe jọ ń gbé inú ìwé gírámà wa láìjà. Ohun tó yẹ ká fún lórúkọ ni àmì tí ISO tó ga jù ń fi sílẹ̀, tí ara fọ́tò á máa rí bíi pé wọ́n bu nǹkan wínníwínní lù ú. Iyanrìn tó fún mi.

Ẹ wá wo iyàrá ìkómọ tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó. Ìyá àgbà wọ léèsì funfun, ó gbé ọmọ mọ́ àyà. Kámẹ́rà tó ń dá ìṣirò ṣe kò mọ̀ pé aṣọ ló funfun. Á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sọ léèsì di àwọ̀ eérú, ojú ọmọ á sì dúdú mọ́ ọn. Ọ̀gá lè wá sọ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé: “La ọmọlójú dé ìdajì, má jẹ́ kí ìpéǹpéjú pẹ́ ju ìdá kan nínú 125 lọ, gbé ISO sí 1600, kí o sì máa ṣọ́ iyanrìn.” Ọmọ iṣẹ́ náà á ti mọ ibi tí yóò yí sí kó tó wo nọ́ńbà.