Ta Ni Ó La Ọ̀nà Yìí? Ìtàn Ọ̀nà Jíìpù Kan ní Aṣálẹ̀ Utah

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí ó wọ ọjà, ẹnì kan ni ó kọ́kọ́ là á, ó sì ní ohun tí ó ń wá tí ó fi là á.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a wà ní Amẹ́ríkà a máa fi ọlidé rìn lọ sí ìwọ̀ oòrùn láti wo àwọn àfonífojì ńláńlá inú aṣálẹ̀. Ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tí àwọn awakọ̀ fi ń dán ara wọn wò. White Rim ni orúkọ rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Utah. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ìtàn ni mo ń kọ́ ní yunifásítì, mo fẹ́ kí a jọ tú ìdí ọ̀nà yìí wò. Fàájì ni à ń bá lọ síbẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí fàájì ni wọ́n ṣe là á. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ là á ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ibẹ̀ ti rí. Ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Moab ni ó súnmọ́ ọn. Odò méjì, Colorado àti Green, ni wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ náà láti ayébáyé títí ó fi di ọ̀gbun jíjìn. Bí ènìyàn bá dúró lórí òkè pẹrẹsẹ tí wọ́n ń pè ní Island in the Sky, yóò rí ilẹ̀ ní ìpele ìpele bí àtẹ̀gùn. Nísàlẹ̀, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,200, pèpéle òkúta funfun kan yí òkè náà ká bí ìṣẹ́tí aṣọ. Orí òkúta funfun yìí ni ọ̀nà náà gbà, ibẹ̀ ni ó sì ti rí orúkọ. Gígùn rẹ̀ tó 100 máìlì. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni àwọn onímọ́tò fi ń rìn ín.

Ọ̀nà Shafer ni à ń gbà sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀ láti orí òkè. Ó ṣẹ́ kọ́nà, ó tún ṣẹ́ kọ́nà. Ògiri àpáta wà ní ọwọ́ kan, ọ̀gbun wà ní ọwọ́ kejì. Níbi tí ó bá há, ọkọ̀ méjì kò lè kọjá lára wọn, ẹni tí ń sọ̀ kalẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ dúró fún ẹni tí ń gùn. Mọ́tò lásán kò lè rin White Rim. Àfi ọkọ̀ tí inú rẹ̀ ga kúrò nílẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ó sì ní jíà kékeré tí ó lágbára. Jíà yìí ni a fi ń sọ̀ kalẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti òkè dé ilẹ̀, bíréèkì rẹ̀ yóò gbóná, kò sì ní mú mọ́. Ní ibi méjì tí wọ́n ń pè ní Murphy Hogback àti Hardscrabble Hill, ọ̀nà náà dà bí ẹni gbé àkàbà ti ògiri. Imú ọkọ̀ a kọjú sókè tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ kò ní rí ilẹ̀ mọ́, àfi ojú ọ̀run. Ẹnì kan ní láti bọ́ sílẹ̀ kí ó máa fi ọwọ́ júwe fún un. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Omi mímu kò sí lójú ọ̀nà. Èyí tí a bá gbé lọ ni a óò mu. Bí òjò bá sì rọ̀, àní lọ́nà jíjìn, àgbàrá lè dé lójijì sí ipa odò tí ó ti gbẹ.

Ta ni ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ yìí? Àwọn ọmọ onílẹ̀ ni. Wọ́n ti ń gba ibi tí ọ̀nà Shafer wà lónìí sọ̀ kalẹ̀ kí òyìnbó tó débẹ̀ rárá. Lẹ́yìn wọn ni àwọn darandaran dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ìdílé Shafer tún ipa ẹsẹ̀ náà ṣe kí màlúù wọn lè sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹko nígbà òtútù. Àwọn ará ilé Murphy ṣe bákan náà ní tiwọn. Orúkọ wọn ni a ń pe òkè ọ̀hún.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìtàn agbègbè yẹn kò kan aláwọ̀ dúdú. Darandaran kan, William Grandstaff, adúláwọ̀ bíi tiwa, ti dé Moab láti ọdún 1877, ó sì ń da màlúù rẹ̀ ní àfonífojì kan nítòsí. Ní ọdún 1881 wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó ń ta ọtí fún àwọn ọmọ onílẹ̀, ó sì sá kúrò níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orúkọ ẹ̀gàn tí òyìnbó ń pe aláwọ̀ dúdú ni wọ́n fi ń pe àfonífojì náà. Ọdún 2017 ni ìjọba tó yí i padà sí Grandstaff Canyon.

Ṣùgbọ́n ipa màlúù kì í ṣe ọ̀nà mọ́tò. Ohun tí ó sọ ọ́ di ọ̀nà mọ́tò, ilẹ̀ Áfíríkà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà ogun àgbáyé kejì, tí Amẹ́ríkà ń ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì, ibi ìwakùsà Shinkolobwe ní Kóńgò, tí ó wà lábẹ́ àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù nígbà náà, ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú yùréníọ̀mù wọn ti wá. Lẹ́yìn tí ogun parí ní 1945, ìdíje bẹ̀rẹ̀ láàárín Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà. Ìjọba Amẹ́ríkà kò fẹ́ gbójú lé ilẹ̀ òkèèrè mọ́. Àjọ tí ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ átọ́míìkì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1947. Ní 1948 wọ́n kéde iye tí wọn yóò máa ra yùréníọ̀mù, wọ́n sì ṣèlérí ẹ̀bùn 10,000 dọ́là fún ẹni tí ó bá rí èyí tí ó dára gan-an.

Bí eṣinṣin ti ń wọ́ tọ oyin ni àwọn ènìyàn ṣe wọ́ lọ sí Utah. Wọ́n gun jíìpù, irú èyí tí a kọ́kọ́ ṣe fún àwọn ọmọ ogun. Ọ̀nà tí wọ́n là ní gúúsù ìlà oòrùn Utah fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 máìlì. Láàárín ọdún 1950 sí 1960 ni wọ́n la White Rim, tí wọ́n sì mú ọ̀nà Shafer fẹ̀ kí ọkọ̀ akẹ́rù lè gbà á.

Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Charlie Steen, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta. Tálákà ni, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin. Ní 1952, ní Lisbon Valley lẹ́yìn Moab, irin tí ó fi ń lu ilẹ̀ ṣẹ́ nígbà tí ó dé ẹsẹ̀ bàtà 197. Ó ṣe bí ẹni pé ìyà ti dé. Àṣé òkúta dúdú tí ó ti fà jáde ṣáájú, yùréníọ̀mù ni! Ó di olówó rẹpẹtẹ. Ní 1956 ilé iṣẹ́ tí ń lọ yùréníọ̀mù ṣí ní Moab. Ṣùgbọ́n kí ọdún 1968 tó parí, gbèsè ti wọlé dé bá a.

Ní ti White Rim, bí wọ́n ti la ọ̀nà tó nì, ohun tí wọ́n rí wà jáde níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ọ̀nà nìkan ni ó kù.

Níbi tí wọ́n ti rí i, ikú ni ó bá a rìn. Ọ̀pọ̀ ọmọ onílẹ̀ Navajo ni ó ṣiṣẹ́ nínú ihò kùsà tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀. Èéfín olóró inú òkúta náà ń wọ ẹ̀dọ̀fóró wọn. Láti 1950 ni àwọn oníṣègùn ìjọba ti ń yẹ àwọn awakùsà wò, wọn kò sì sọ ewu náà fún wọn. Nígbà tó yá, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n, opó sì pọ̀ nílẹ̀ Navajo. Ní Moab, ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ náà tó mílíọ̀nù 16 tọ́ọ̀nù, ó jókòó sí etí odò Colorado. Ọdún 2009 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o kúrò.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí. Bates Wilson, ọ̀gá ọgbà Arches tí ó wà nítòsí, ni ó ń fi jíìpù kó àwọn ènìyàn ńlá wọ inú àfonífojì wọ̀nyí, kí ìjọba lè dáàbò bò wọ́n. Stewart Udall, mínísítà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbè é lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 12 oṣù September, 1964, Ààrẹ Johnson fọwọ́ sí òfin tí ó sọ ibẹ̀ di ọgbà orílẹ̀-èdè Canyonlands. Báyìí ni ọ̀nà bọ́ǹbù di ọ̀nà afẹ́. Udall kan náà yìí ni ó padà di agbẹjọ́rò fún àwọn awakùsà Navajo àti àwọn opó wọn. Ilé ẹjọ́ kò dá wọn láre, ṣùgbọ́n wọn kò dákẹ́, títí ìjọba fi ṣe òfin ní 1990 láti tọrọ àforíjì àti láti san owó ìtanràn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú kí ó tó dé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ń lọ síbẹ̀, ẹ gba ìwé àṣẹ, ẹ gbé omi tó pọ̀ dání, ẹ má sì yà kúrò lójú ọ̀nà, nítorí ipa táyà kì í tètè pa rẹ́ lára ilẹ̀ aṣálẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì dúró lórí òkúta funfun náà láti ya fọ́tò, ẹ rántí Kóńgò, ẹ rántí Navajo. Lójú ọ̀nà ibi gbogbo tí a bá dé nílẹ̀ àjòjì yìí, ó yẹ kí á bèèrè ẹni tí ó là á, ohun tí ó wá kó, àti ẹni tí ìyà rẹ̀ jẹ. Ọlọ́run yóò mú wa délé láyọ̀ o.