Ìtàn Ira Aldridge, Othello àti Àwọ̀ Ara Wa

Ìtàn la fẹ́ kọ́ lónìí.

Ní Ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà, bó pẹ́ bó yá, olùkọ́ yín lè ní kí ẹ ka Othello, eré tí William Shakespeare kọ ní nǹkan bí ọdún 1603. Ọ̀gágun aláwọ̀ dúdú ni Othello. Àwọn kan nínú eré náà ń bú u nítorí àwọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwọ nìkan ni ọmọ dúdú ní kíláàsì, gbogbo ojú lè yí sí ọ lọ́jọ́ náà. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, gbọ́ ìtàn yìí.

Fún ohun tó lé ní igba ọdún, òyìnbó ló ń ṣe Othello ní àwọn ilé eré ńlá Lọ́ńdọ̀nù. Wọn a kun ojú wọn kó lè dúdú. Ní oṣù kẹta ọdún 1833, Edmund Kean, gbajúmọ̀ òṣèré òyìnbó, ṣubú lulẹ̀ lórí ìtàgé Covent Garden níbi tó ti ń ṣe Othello. Ní oṣù kẹrin, Ira Aldridge, ọmọ dúdú tí wọ́n bí ní New York ní 1807, bọ́ sí ipò náà. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ń jiyàn lórí òfin tó fòpin sí ẹrú níní. Àwọn ìwé ìròyìn kan bú Aldridge nítorí àwọ̀ rẹ̀. Alẹ́ méjì péré ló fi ṣe eré náà níbẹ̀.

Ṣé ó wá jókòó kó máa sunkún? Rárá o! Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ó rin Yúróòpù já. Ó ṣe Othello, ó sì ṣe Lear àti Macbeth, tí í ṣe òyìnbó. Ẹnu iṣẹ́ yìí ló wà tó fi kú ní Łódź, ní ilẹ̀ Poland, ní 1867.

Nígbà tí Paul Robeson, ọmọ dúdú Amẹ́ríkà, fẹ́ ṣe Othello ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1930, Amanda, ọmọ Aldridge, wà lára àwọn tó kọ́ ọ. Síbẹ̀, nínú fíìmù ọdún 1965, Laurence Olivier ṣì kun ojú ṣe Othello.

Ní ọdún 2000, David Oyelowo, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Oxford, ṣe Henry VI, ọba Gẹ̀ẹ́sì, fún Royal Shakespeare Company. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ ọba Gẹ̀ẹ́sì lórí ìtàgé wọn. Kò kun ojú rárá. Ẹ wo orúkọ rẹ̀: oyè ló fi bẹ̀rẹ̀!

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ní kí ọmọ sá fún ìwé náà. Ẹ kà á pẹ̀lú rẹ̀ nílé kí wọ́n tó kà á ní kíláàsì. Ẹ bi í pé: ta ló ń bú Othello, kí ló sì ń wá? Bí wọ́n bá fún ọmọ yín ní ipa Othello kìkì nítorí àwọ̀ rẹ̀, ẹ bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọmọ yín lè ṣe Othello bó bá wù ú. Ó sì lè jọba.

Ìbéèrè fún ẹ̀yin ọmọ (ẹ fi Yorùbá dáhùn o):
1. Níbo ni wọ́n ti bí Ira Aldridge?
2. Ta ni Amanda?
3. Ipa wo ló wù ọ́ láti ṣe? Kí nìdí?

Ó dìgbà o!